Àyè Tó Dojú Kọ Mí

Ní Ìlárá, níbi tí mo ti ṣe tíṣà títí wọ́n fi ní kí n lọ sinmi, ijó kan wà tí àwọn obìnrin máa ń jó tí a ń pè ní ojúkojú. Ìlà méjì la máa ń tò sí. Ìlà kan á kọjú sí èkejì, obìnrin kọ̀ọ̀kan á sì ní ẹnì kan níwájú rẹ̀. Ẹni náà ni ojúkojú rẹ. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ tàbí ìbátan rẹ. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ bọ́ sí ìlà ni, òun lo ó sì máa bá jó títí ọ̀kan nínú yín á fi kú, tàbí tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò jó mọ́. Bí ojúkojú rẹ ò bá rí àyè wá lọ́jọ́ kan, o ó jó síwájú àyè rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì kò gbọdọ̀ bọ́ síbẹ̀. Àyè òkú nìkan ni wọ́n máa ń dí.

Ọ̀rọ̀ àyè kan ni mo fẹ́ sọ, àyè tó ṣófo níwájú mi ní gbogbo ìgbà tí ìjọba fi ti bọ́dà pa, àti ohun tí mo bá pàdé nígbà tí mo lọ wá ẹni tó ni ín.

Ọmọ Ayétòrò ni mí. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé Ìlárá, ọkọ ló dá mi dúró síbẹ̀. Ọmọ ìlú náà ni ọkọ mi, èèyàn dáadáa sì ni, àmọ́ kò lè sọ mí di ọmọ ìlú. Àwọn ará ibẹ̀ ò fìyà jẹ mí o. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n á gbé iṣu wá fún mi lásìkò ìkórè, wọ́n á sì máa pè mí ní Tíṣà bí ẹni tó ń gbé àga fún mi kí n lọ jókòó sí ọ̀ọ́kán. Bí mo bá dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń bó ẹ̀gúsí, ọ̀rọ̀ á yí padà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè nípa ìwé àwọn ọmọ wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó dùn ni wọ́n gbé pamọ́ nígbà tí wọ́n rí mi lọ́ọ̀ọ́kán. Èmi náà ò mọ bí èèyàn ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun ṣòfófó. Mo ní ìgbéraga tèmi, mo sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mú ṣọ́ọ̀kì dání, kódà bó ṣe ata ni mò ń rà.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ bọ́ sí ìlà, gbogbo ìyàwó agbolé ọkọ mi ni wọ́n pè pé kí wọ́n wá kọ́ ijó tí a máa jó lọ́jọ́ ìlú. Gbàgede ọjà la ti ń kọ́ ọ. Wọ́n gbé ìkòkò ńlá kan kalẹ̀, ìyá àgbà kan mú abẹ̀bẹ̀ aláwọ, wọ́n ń gbá a mọ́ ẹnu ìkòkò náà, ó ń dún gbúù, gbúù, agogo sì ń tẹ̀ lé e. Gbogbo obìnrin wá ojúkojú wọn lọ, wọ́n dúró. Èmi dúró sí ìparí ìlà, kò sí ẹnì kankan níwájú mi. Kò sẹ́ni tó lé mi, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ mi. Mo ń wo iwájú, mo ń ṣe bí ẹni pé àyè fífẹ̀ ló wù mí. Obìnrin kan tó ru gàrí wá sọ́jà láti òdìkejì bọ́dà dúró, ó wò mí, ó sọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì wá dúró síwájú mi. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Ìlárá ni ìyá tó bí i, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ní kó kúrò. Nígbà tí ìkòkò dún, ó gbẹ́sẹ̀, èmi náà gbẹ́sẹ̀. Bí mo ṣe ní ojúkojú nìyẹn.

Ìletò kan lójú ọ̀nà Kétu ni ilé ọkọ rẹ̀ wà. Nígbà náà, okùn lásán ni wọ́n ta sójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní bọ́dà. Àwọn ọkùnrin kan á jókòó sábẹ́ igi, àwọn obìnrin á kí wọn, wọ́n á kọjá. Sẹ́fà, owó òdìkejì, ló fi ń ka owó, bí èèyàn bá sì fún un lómi mu, á ní "mèsí," bí àwọn Faransé ṣe ń dúpẹ́. Ó ga, ó dúdú, kì í rẹ́rìn-ín lásán. Èmi àti ẹ̀ ò mọ ẹni tó dàgbà ju ẹnì kejì lọ, a sì fi ọ̀wọ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀ títí dòní. Tíṣà lòun náà ń pè mí, àmọ́ ti ẹnu rẹ̀ yàtọ̀. Kò fi lé mi sẹ́yìn.

Ẹ má rò pé ọ̀rẹ́ ni wá. N ò mọ ilé rẹ̀, kò wọ ilé mi ju ìgbà díẹ̀ lọ. N ò lè sọ oúnjẹ tó fẹ́ràn. Ohun tí a mọ̀ nípa ara wa kò ju ohun tí èèyàn lè rí lójú ẹlòmíì nígbà tí ẹ bá jọ ń jó. Mo mọ̀ pé bí ilé ò bá rọgbọ, ojú rẹ̀ ọ̀tún máa ń wálẹ̀ díẹ̀. Mo mọ̀ pé bó bá ní ìdùnnú, kì í fi hàn lẹ́nu, èjìká ló máa ń sọ ọ́. Ọdún tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bí òkú ọmọ, mo ti mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi. A jó tán, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú fúngbà díẹ̀, ó sì ru igbá rẹ̀ ó lọ. Kò sí ẹni tí mo mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Ìlárá, títí kan àwọn tí a jọ ń gbé agbolé kan náà.

Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ẹgbẹ́ wa wá jó níbi ìsìnkú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé opó kì í jó. Á kàn dúró sí àyè rẹ̀ lórí ìlà, ojúkojú rẹ̀ ni yóò jó fún àwọn méjèèjì. Mo ti rí i níbi òkú àwọn ẹlòmíì, mo sì rò pé àṣà lásán ni, irú èyí tí àwọn pásítọ̀ máa ń gbójú fò. Lọ́jọ́ yẹn mo dúró bí igi. Ojúkojú mi gbẹ́sẹ̀ tirẹ̀, ó gbé tèmi náà. Ó máa ń súnra síhà ọ̀dọ̀ mi, á padà sẹ́yìn, á tún wá, kò sì fìgbà kankan gbé ojú kúrò lójú mi. Púpọ̀ nínú àwọn tó wá kí mi ló sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún mi lọ́jọ́ yẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. N ò rántí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ orúnkún mi, nítorí ó máa wúlò níwájú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ ijó, ọ̀kadà gbé mi ṣubú lójú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ nígbà tí mò ń lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà. Orúnkún òsì ló fara gbá a, kò sì bọ̀ sípò dáadáa mọ́. Nínú ijó ojúkojú, lẹ́yìn tí ìlà méjèèjì bá ti súnra débi pé ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́, gbogbo wa á padà sẹ́yìn, oníkálukú á yípo lórí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, á sì tún kọjú sí ẹnì kejì rẹ̀. Ìgbà tí ìkòkò bá dún ni ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ balẹ̀ pa pọ̀. Ibẹ̀ ni ẹwà ijó náà wà, ibẹ̀ ni àwọn òǹwòran sì máa ń wò láti mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n jó. Àwọn èèyàn rò pé orúnkún yẹn máa lé mi kúrò. Kò lé mi kúrò. Ẹsẹ̀ mi àti ti ojúkojú mi jọ ń balẹ̀ ni ní gbogbo ìgbà. Mo máa ń yangàn pé bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń tiro, àmọ́ bí mo bá dé ojú agbo, orúnkún á gbàgbé àìsàn rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún dókítà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti bọ́dà pa. Okùn kúrò lójú ọ̀nà, igi ńlá àti ṣọ́jà dé. Wọ́n kọ́kọ́ ní kò ní pẹ́. Kò sẹ́ni tó ka nǹkan náà sí, torí a ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, wọn ò jẹ́ kí epo pẹtiróòlù dé àwọn ilé epo tó wà lágbègbè wa mọ́, ọ̀kadà di ohun tí a ń ṣàfẹ́rí, ọjà wa sì dákẹ́. Ìdajì àwọn tó ń pàtẹ lọ́jà náà ló jẹ́ ará òdìkejì, a ò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ àfìgbà tí a ò rí wọn mọ́. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣe fàyàwọ́ ṣì ń gba inú igbó kọjá pẹ̀lú ìrẹsì, ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà obìnrin àgbàlagbà tí orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́. Ojúkojú mi ò sì ní fóònù. Ó máa ń ní ariwo rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a jó lẹ́yìn tí wọ́n ti bọ́dà, ìgbéyàwó ọmọ ọ̀kan nínú wa ni. Kò wá. Mo jó síwájú àyè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ẹni tí kò ṣe é rí ò lè mọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń dààmú èèyàn ni ibi tó máa gbé ojú sí. Mo wo iwájú, ewúrẹ́ kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó, ó ń jẹ èèpo iṣu, ó sì ń wò mí. Mo bá ewúrẹ́ jó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí, èmi náà rẹ́rìn-ín, torí bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á mọ̀ pé ó dùn mí. Mo délé, mo jókòó láì bọ́ aṣọ. Ilé dákẹ́. Mo ní àga mẹ́rin ní pálọ̀, mo sì mọ èyí tí n kì í jókòó sí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ọmọ fàyàwọ́ níṣẹ́. Mo ní bí wọ́n bá gba ìletò yẹn kọjá, kí wọ́n bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ le, bóyá ọmọ rẹ̀ ti rí òmíì bí, kí wọ́n sọ fún un pé àyè rẹ̀ wà níbẹ̀. Èsì tó máa ń padà wá kì í yàtọ̀. "Wọ́n ní àwọn kí yín, Tíṣà." Mo ní kí ló tún sọ. "Wọ́n ní àwọn kí yín." Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́wọ́ fún mi pé òun ò tilẹ̀ dúró níbẹ̀, pé àwọn kì í lè dúró. Mi ò bá a jà. Mo kàn ronú sí gbogbo ìkíni tí mo ti gbà tí mo sì fi sun oorun ayọ̀.

A jó ọjọ́ ìlú kan, àyè náà ṣófo. A jó òmíràn, ó ṣófo. Àwọn míì tí ojúkojú wọn jẹ́ ará òdìkejì ti ń rọra gba ẹlòmíì síwájú ara wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìjọba yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìlú. Èmi kọ̀. Ìyá ẹgbẹ́ wa, tí wọ́n ti dàgbà tí ojú wọn sì ṣì mú, pè mí sí ìdí igi lẹ́yìn ijó. Wọ́n ní, "Tíṣà, ìlà yẹn ti dà bí ẹnu tí eyín yọ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyàwó kékeré yẹn síbẹ̀." Ìyàwó tuntun kan ni wọ́n ń sọ, tí wọ́n fẹ́ wá láti Ìlaró, tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo láti àárọ̀ tí kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Màmá, ṣé ó kú ni?"

Wọ́n ní, "N ò sọ pé ó kú."

"Ṣé ó sọ fún yín pé òun ò jó mọ́?"

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Nǹkan míì tún wà. Ẹ máa ń pẹ́ níbi ìyípo. Látìgbà tí obìnrin yẹn ò ti wá mọ́ ni. Gbogbo wa á ti balẹ̀ tán kí ẹ̀yin tó balẹ̀. N ò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Ojú tì mí. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ó pẹ́. Mo lọ sílé, mo ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń kọ́ ìyípo níwájú fọ́tò ọkọ mi. Mo ń fi ẹnu dún gbúù, mo ń yí, mo ń balẹ̀. Mo ti gbọ́ gbúù náà tán kí ẹsẹ̀ mi tó kanlẹ̀. Mo tún un ṣe títí orúnkún fi wú. Mo gbà pé ìbànújẹ́ ló fà á, pé ẹni tí kò ní ẹni tó ń wò ó lójú ni ara rẹ̀ máa ń wúwo, tàbí pé ọjọ́ ogbó ló ti dé láìkànlẹ̀kùn. Àwọn ọmọ mi pè láti Abẹ́òkúta pé, "Mọ́mì, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, kí lẹ tún ń dúró dè níbẹ̀?" Mi ò lè sọ fún wọn pé àyè kan ni mò ń ṣọ́.

Nígbà tí ọdún ìlú tún ń bọ̀, Ìyá ẹgbẹ́ wá bá mi nílé fúnra wọn. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní bí àyè náà ò bá dí lọ́dún yìí, kí n wá jókòó ti àwọn tó ń pàtẹ́wọ́. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ kò ní ojúkojú. Ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀ kì í dìde mọ́. Màá tún di Tíṣà tó jókòó ní ọ̀ọ́kán. Bí mo bá sì gba ìyàwó kékeré síwájú mi, èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ pé obìnrin tó sọ apẹ̀rẹ̀ gàrí rẹ̀ kalẹ̀ nítorí mi ti kú. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀.

Lásìkò yẹn wọ́n ti ń dẹwọ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọn ò tíì jẹ́ kí ọkọ̀ ẹlẹ́rù kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbójú fo àwọn arúgbó. Mo ra ọṣẹ àti ẹja gbígbẹ, mo wọ ìró ijó mi, mo sì gun ọ̀kadà. Ẹ̀rù bà mí lójú ọ̀nà. Mo ti pèsè ọkàn mi sílẹ̀ fún òkú, mo pèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún àìsàn. Mo ti ronú ohun tí màá sọ fún ọmọ rẹ̀ bó bá jẹ́ pé sàréè ni wọ́n máa fi hàn mí.

Bí a ṣe wọ ìletò náà, ìkòkò ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Gbúù, gbúù. Ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń ṣe ní ilé kan, àwọn obìnrin sì tò sí ìlà méjì níwájú ilé náà. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Mo rí i. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, èjìká rẹ̀ ń sọ ìdùnnú. Obìnrin kan wà níwájú rẹ̀, ó sanra, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Inú bí mi. N ò ní purọ́. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ pé ó wà láàyè, ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Mo ti di ẹni tó ń bá ewúrẹ́ jó nítorí rẹ̀. Mo ti di ẹni tí wọ́n ń fi ìjókòó lọ̀ ní ìdí àtẹ́wọ́. Òun sì wà níhìn-ín, ó ti dí àyè mi, ó ti kà mí mọ́ òkú. Mo dúró lẹ́yìn àwọn òǹwòran pẹ̀lú ọṣẹ àti ẹja mi, mi ò sì fẹ́ kó rí mi. Mo fẹ́ máa lọ ni. Ọlọ́kadà ti lọ mu omi.

Nítorí mi ò rí ibi lọ, mo ń wò wọ́n. Wọ́n súnra, wọ́n padà, wọ́n yípo. Obìnrin tó sanra náà balẹ̀. Gbogbo ìlà balẹ̀. Ojúkojú mi nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ṣì wà lókè nígbà tí ìkòkò dún. Ó gbé e dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń wo iwájú rẹ̀, kó tó gbé e kalẹ̀. Mo rò pé ó ṣìṣe ni. Wọ́n tún yípo, ó tún gbé ẹsẹ̀ dúró. Kò sí ìgbà kan tí kò pẹ́ níbẹ̀.

Wọ́n jó tán, ó rí mi. Ó pariwo "Tíṣà," ó dì mọ́ mi, ó gbọ̀n mí, ó ń wò mí lójú bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù síbẹ̀. Èmi le bí igi. Mo ní, "Ẹ ti fi ẹlòmíì síbẹ̀."

Ó wò mí, ọ̀rọ̀ náà ò tilẹ̀ yé e. Ó ní, "Ta ló kú? Ara ló ń ro mí láìjó. Wọ́n ti ọ̀nà, ṣé kí n wá jókòó ni? Àwa tí a máa ń wá sọ́dọ̀ yín la kó ara wa jọ níbí."

Obìnrin tó sanra náà ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń nu òógùn. Ìyàwó bíríkìlà kan ni, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni Tíṣà tí wọ́n máa ń sọ? Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ dúró níbi ìyípo? Mo ti sọ ọ́ sọ ọ́. Mo ní ẹsẹ̀ mi ò dùn mí, mo ti balẹ̀, ta ni wọ́n ń dúró dè? Wọn ò lè fi í sílẹ̀."

Ojúkojú mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó ti mọ́ mi lára. Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ pé wọ́n ti bọ́dà."

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n gbé fún mi, mo gbé ọwọ́ lé orúnkún òsì mi. Ọdún melòó ni mo ti fi ń yangàn pé orúnkún mi máa ń gbàgbé àìsàn rẹ̀ lójú agbo? Kò gbàgbé rí. Mo ti ń pẹ́ látọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbé mi ṣubú. Ẹnì kan ló ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè dè mí, kí àwa méjèèjì lè jọ balẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀, kí èmi gan-an má baà mọ̀. Kò sọ ọ́ fún mi rí, mi ò sì wò ó rí, torí ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò. Mo sunkún níwájú ìyàwó bíríkìlà. Wọ́n rò pé ọ̀nà ló rẹ̀ mí, wọ́n bu omi fún mi.

Wọ́n bẹ̀ mí kí n bọ́ sí ìlà. Ìyàwó bíríkìlà sún kúrò, ó ní àyè mi nìyẹn. Mo kọ̀, orúnkún ti wú láti orí ọ̀kadà. Mo jókòó ti àwọn tó ń pàtẹ́wọ́, mo sì pàtẹ́wọ́ fún wọn títí ọlọ́kadà fi ní ilẹ̀ ń ṣú. Ojúkojú mi sìn mí dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ó ní kí n kí ìlú. Mo ní wọ́n á gbọ́. Ó gba ọṣẹ àti ẹja, ó ní, "Mèsí, Tíṣà." Láti ìgbà yẹn dòní, mi ò tíì tún rí i. Ọ̀nà náà ṣí díẹ̀, ó tún há, ara àwa méjèèjì ò sì le tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo délé, mo sọ fún Ìyá ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fi ìyàwó kékeré síbẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá obìnrin náà ti kú. Mo ní kò kú, ó ní kí n kí wọn. Wọ́n wò mí títí, wọn ò sì tún béèrè nǹkan kan.

Ọmọ Ìlaró náà bọ́ sí iwájú mi ní gbàgede ọjà, ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ kàwé fún mi. Mo rẹ́rìn-ín sí i, torí mo rántí ìparí ìlà. A jó. Níbi ìyípo, ó ti balẹ̀, gbogbo ìlà ti balẹ̀, ìkòkò ti dún, èmi ṣì ń bọ̀. Lẹ́yìn ijó, ó sún mọ́ mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá, mo rí i pé ẹ máa ń pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ṣé kí n máa dúró dè yín?"

Mo ní rárá, kó máa balẹ̀ tirẹ̀ lásìkò. Mo ní mo ti ní ẹni tó ń dúró dè mí níbẹ̀.